Ọ̀dà Tí Mo Fi Dí Àpótí Ẹja Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Èmi ni mo ṣẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló jìyà rẹ̀. Mo pàdé obìnrin náà lóṣù tó kọjá, láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún.

Iṣẹ́ gíláàsì ni mo ń ṣe ní Múṣin. Sùúrùlérè ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Nígbà tó ti òkè òkun dé, ó gbé àpótí onígíláàsì kan wálé tí wọ́n ń sin ẹja aláràbarà sí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Obìnrin náà jù mí lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ó bá mi nílé ni, kò pe orúkọ mi rí. "Ọkọ mi" ló ń pè mí, á sì kúnlẹ̀ kí mi.

Ọdún kẹrin tó wọlé nìyẹn, kò tíì sí ọmọ. Ìyá wa ń sọ ọ́ káàkiri pé nǹkan kan kì í yè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbà. Á ní, "Ìyá, ẹja tó ń bọ́ ńkọ́? Ṣebí wọ́n yè!" Ẹja yẹn ló fi ń pa ìyá wa lẹ́nu mọ́.

Àfi bí àpótí náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rìnrìn àjò. Ó fún mi ní gọ́ọ̀mù òyìnbó kan, ó ní n ò gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn dí i.

A kó ẹja sínú bàsíà. Mo fi abẹ ha pọ́tì àtijọ́ tí wọ́n fi lẹ gíláàsì náà kúrò. Nígbà tí mo tẹ gọ́ọ̀mù náà, òórùn kíkan ló ń jáde, bí omi ògì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo ní ó ti bàjẹ́, àṣé bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Ta ni mo bi? N ò bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá onígíláàsì! Mo sọ ọ́ nù, mo lọ sí Makoko, mo gba ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó lè dá ọ̀sà dúró, kí ni omi garawa mẹ́ta fẹ́ fi í ṣe? Mo fi pọ́tì funfun bò ó lójú kó má baà hàn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rí ọwọ́ mi. Ó bu kẹrosíìnì wá. "Ọkọ mi, ẹ fi fọwọ́ yín, ọ̀dà ti bò ó."

A da omi àti ẹja padà sínú rẹ̀, lóòótọ́, kò jò. Mo tún ń yangàn. Ní ọjọ́ kẹta, oró ọ̀dà ti wọ inú omi, gbogbo ẹja ti kú, wọ́n léfòó.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi máa fi dé, ìyá wa ti jókòó sí pálọ̀. "Mo wí, o ò gbọ́. Ẹja ọ̀hún náà rèé!"

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Ṣé gọ́ọ̀mù tí mo fún ẹ lo lò?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà wo ọwọ́ mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í já àbúrò ọkọ nírọ́ lójú ìyá ọkọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ohun tí ọkọ mi bá sọ náà ni." Ni gbogbo wọn bá gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló pa ẹja. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi dá a padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi olóríburúkú yìí ni mo bá a ru àpótí aṣọ dé ibùdókọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ní Èbúté Mẹ́ta, obìnrin kan kúnlẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀. Òun ni. Kò ní ọkọ, kò bímọ. Mo nawọ́ sí i kó lè dìde. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ọ̀dà yẹn bọ́?" Ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ọdún kẹta rèé, kò tíì sí ọmọ níbẹ̀ náà, ìyá wa sì ti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí nǹkan kì í yè. Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi á lé mi bí ajá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Láàárọ̀ yìí, ìyàwó tuntun náà kúnlẹ̀ kí mi. "Ọkọ mi" lòun náà ń pè mí.