Ògiri Tó Ń Sunkún

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pariwo ògo fún Ọlọ́run tó ń rí inú ògiri, tó tún ń rí ẹ̀yìn rẹ̀! Mo ní ògo! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ máa mọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Mi ò kàwé púpọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń ṣe jẹun. Àwọn ilé tuntun tí ẹ ń rí ní Redstone, ní Calgary wa níbí yẹn, mo wà lára àwọn tó fi fóòmù àti náílọ̀n wọ̀ wọ́n láṣọ kí òtútù má baà pa onílé. Fóòmù á wà nínú ògiri, náílọ̀n á wá bò ó láti inú ilé, níhà ibi tí heater wà. Ojoojúmọ́ ni. Mo lè dijú ṣe é.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Pásítọ̀ sọ fún wa pé wọ́n ń kọ́ cold room fún ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sierra Leone, ibi tí wọ́n máa tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí. Ẹ̀rọ tó máa mú un tutù ti wà nílẹ̀, ẹni tó máa ṣe ògiri ni kò sí. Pásítọ̀ ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí láàárín wa ni?"

Kí n tó mọ̀, mo ti na ọwọ́ sókè. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ rántí? Bùkọ́lá ìyàwó mi wà ní basement pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Àtẹ́wọ́ yẹn ló gbọ́. Ẹlòmíràn ló sọ fún un pé ọkọ ẹ̀ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ Sierra Leone.

Ìyàwó mi kì í bú èèyàn. Tínú bá ń bí i, ńṣe ló máa ń bọ̀wọ̀ fún mi. Nínú mọ́tò, ó ní, "Ẹ kú oríire o, Daddy Tòmi. Ẹ̀yin ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Èmi ni màá máa kó snow."

Tòmi ọmọ wa dá sí i láti ẹ̀yìn: "Daddy, who's gonna take me to swimming?"

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ náà sọ tiẹ̀: "I can't hold your spot, buddy." Mo ní kò burú, Ọlọ́run á ṣe é. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bo ohun tí mi ò rò dáadáa. Bùkọ́lá gbé mi dé airport, ó ní "Safe journey," ó wa mọ́tò ẹ̀ lọ.

Ooru Sierra Leone! Ooru pẹ̀lú òjò, tí afẹ́fẹ́ pàápàá á rin gbingbin bí aṣọ tí wọn ò fún. Mo ṣe ògiri náà bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dára lójú. A tan ẹ̀rọ. Nígbà tó ṣe, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún! Omi ń jáde nísàlẹ̀, fóòmù mu omi bíi búrẹ́dì nínú tíì, yàrá kọ̀ kò tutù. Mo lẹ ibi tí mo rò pé ó ń jò. Mo tún un lẹ̀. Ó ń sunkún lọ.

Sister Fatmata, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, fọwọ́ kan ògiri. Èdè wọn jọ Pidgin wa. Ó ní, "Brother, dis wall de cry pass all di pikin dem." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, òun ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní abẹ́rẹ́ ti wà lọ́nà. Tí yàrá ò bá tutù kó tó dé, wọ́n á gbé e lọ sí òdìkejì odò, àwọn ìyá á máa gbé ọmọ jòjòló kọjá odò nínú òjò. Ó ní àwọn mìíràn ò ní lọ. Ó mọ̀ wọ́n.

Mo gbàdúrà. Mo sunkún ju ògiri lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn: pe ìyàwó ẹ. Mo ní, Olúwa, ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan nípa fóòmù. Síbẹ̀, ohun kan náà ni.

Mo pè é. Mi ò kọ́kọ́ sọ ti ògiri. Mo ní, "Bùkọ́lá, jọ̀ọ́, má bínú. Ìwọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún. Ojú ń tì mí."

Ó wá ní, "Ṣé o ń jẹun?"

Ẹ yin Olúwa! Ó ti ṣíwọ́ àtimáa bọ̀wọ̀ fún mi!

Ìgbà yẹn ni mo tó ro ẹjọ́ ògiri. Ó ní, "Omi yẹn, ṣé irú èyí tí mo máa ń nù lójú fèrèsé láràárọ̀ winter kọ́?" Mo ní irú ẹ̀ ni. Ó ní, "Inú ilé níbi tí ooru wà ló máa ń wà, kì í sí níta. Níbi tó o wà yẹn, ibo ni ooru wà?"

Mo ní, "Ìta."

"Ṣé ìta lo fi náílọ̀n sí?"

Inú ni mo fi sí! Halelúyà! Inú ooru ni mo wà, ògiri Calgary ni mò ń kọ́! Omi inú afẹ́fẹ́ ń gba ìta wọlé, ó ń bá òtútù pàdé nínú fóòmù, náílọ̀n mi sì sé e mọ́bẹ̀.

A tú gbogbo ẹ̀. A sá fóòmù nígbàkigbà tí oòrùn bá yọjú, a pààrọ̀ èyí tó ti bà jẹ́. Náílọ̀n bọ́ síhà ìta. A tan ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, Sister Fatmata tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ògiri, ó na ọwọ́ náà sí mi. Ó gbẹ! Ó ní, "E don stop cry." Abẹ́rẹ́ dé, ó bá yàrá tó tutù nílẹ̀. Àwọn ọmọ ń ké lórí ẹsẹ̀ ìyá wọn, èmi ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Baba, ẹ ṣé! Ẹ ṣé gan-an!

Mi ò ní parọ́ níwájú Ọlọ́run: wọ́n ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́ mi àtijọ́. Airdrie ni mò ń wa mọ́tò lọ báyìí, ilé iṣẹ́ kékeré ni, ọ̀nà sì jìn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Mò ń gbé Tòmi lọ swimming. Èmi ni mò ń nu fèrèsé láràárọ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ògiri ẹ̀ bá ń sunkún lónìí, ì báà jẹ́ ti PR, ìwé ìgbélùú yẹn, ì báà jẹ́ ti ilé, Ọlọ́run ò gbàgbé yín. Ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ fi sẹ́yìn ni Ó fi èsì yín sí lọ́wọ́. Ẹ pè é.

Pásítọ̀, ẹ ṣé, sà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá ìyàwó mi kó snow, Olúwa á ràn yín lọ́wọ́.

Kí n tó bọ́ síwájú yìí, mo bi Bùkọ́lá pé, "Ṣé kí n lọ sọ ọ́?" Ó ní, "Lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má tún na ọwọ́ níbẹ̀ o."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na tiyín sókè sí Ọlọ́run!