Àgbo Inú Kẹ́ẹ̀gì

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé ní Muṣin, ta ló gbọ́ pé ike lè pa èèyàn lára? Ogun abẹ́lé ti parí, ike ń wọlé lóríṣiríṣi, inú gbogbo wa ń dùn. Ẹ gbọ́ ná... ewé la fi ń pọ́n ẹ̀kọ nígbà yẹn o. Lóde òní ńkọ́? Wọ́n á bu ọbẹ̀ gbígbóná sínú ọ̀rá, wọ́n á so ó lẹ́nu, ẹ̀yin náà á sì jẹ ẹ́.

Rónkẹ́, ìyàwó ọmọ-ọmọ mi, sún mọ́ mi. Ìwọ tí o ń tọ́mọ lọ́wọ́ ni mo ń bá wí jù. Má bínú o.

Nígbà tí mo bí Àkànní, bàbá ọkọ rẹ, ìyá ọkọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọ́jú mi. Ìyá dáadáa ni wọ́n. Àwọn ló ń wẹ ọmọ, àwọn ló ń se àgbo, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan omi tútù. Áṣáà nìkan... áṣáà ti pa imú wọn. Ẹja ì báà jóná lórí iná, àfi kí ẹ pè wọ́n.

Inú ìkòkò amọ̀ ni àgbo ọmọ ń wà láyé ìgbà yẹn. Ìkòkò tiwa fọ́ nígbà tí a kó kúrò ní Ìwáyà wá sí Muṣin. Ni ìyá bá lọ ra kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó o wá láti ilé iṣẹ́ ọ̀dà. Wọ́n fi ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sóòrùn, ó ń dán. Wọ́n ní èyí ò lè fọ́ láéláé. Ni wọ́n bá da àgbo sí i, gbígbóná rẹ̀ báyìí.

Ọmọ mu ún, ọmọ bì. Lójoojúmọ́. Ó ń rù. Èmi ń gbọ́ òórùn ọ̀dà nínú àgbo yẹn, ṣùgbọ́n ta ni kí n sọ fún? Kí ìyàwó tuntun sọ pé àgbo ìyá ọkọ òun ń rùn? Àwọn èèyàn á ní mò ń pè wọ́n ní àjẹ́ ni. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní eyín ló fẹ́ hù. Eyín, lẹ́nu ọmọ oṣù méjì... ẹ ò rí ọ̀rọ̀ ọkùnrin.

Èmi àti ìyá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní Yaba. Ó bi mí pé kí ni ọmọ ń mu. Ìyá jókòó tì mí. Mo wo ojú Àkànní, ó ti jìn wọnú. Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá, mo ní kí wọ́n foríjì mí. Mo wá sọ pé àgbo inú kẹ́ẹ̀gì ń rùn bí ọ̀dà. Nọ́ọ̀sì ní ká má fún un mọ́ rárá, ọmú nìkan ni kó máa mu. Ó ní ohun tí irú ike bẹ́ẹ̀ ti gbé rí kì í tán lára rẹ̀, ohun gbígbóná á tún máa fà á jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá kọ̀yìn sí mi. Mo ní ó tán, wọ́n á lé mi lọ sílé bàbá mi.

A délé, wọ́n bu àgbo yẹn sí ife, wọ́n gbé e sẹ́nu. Wọn ò tọ́ ọ wò rí... ta ní ń tọ́ àgbo ọmọ wò? Imú ò gbọ́, ahọ́n gbọ́. Wọ́n tu ú dànù. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń sunkún. Àánú wọn ṣe mí gan-an, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń fún ọmọ yẹn.

Wọ́n wá ní, "Ìyàwó, tí o bá tún rí ohun tí mi ò rí, sọ ọ́. Má torí ọ̀wọ̀ mi pa ọmọ mi."

Àkànní yè, ẹ ṣáà ń rí i. Nítorí náà, ẹ má fi ike tó ti gbé kẹ́míkà pọn omi mímu. Ẹ má bu ohun gbígbóná sí ọ̀rá. Àwọn tó ń dáná sun ọ̀rá lẹ́yìn ilé yìí, tí èéfín ẹ̀ ń wọlé bá wa, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ìwọ Rónkẹ́... láàárọ̀ yìí, mo bu ògì gbígbóná sínú ife rọ́bà ọmọ rẹ. Ojú mi ló ti ń ṣe bàìbàì, ife tánńganran ni mo pè é. O rí mi. O fẹ́ sọ̀rọ̀, o wo ewú orí mi, o dákẹ́.

Má dákẹ́ fún mi mọ́, ọmọ mi.