Ìlà Pupa Tí Mo Fà Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Màmá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọ̀rọ̀ kan ń wúwo lọ́kàn mi, n kò lè dá gbé e mọ́. Àbúrò bàbá mi ló ránṣẹ́ sí wa láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Bàbá àgbà wa ní Ẹ̀fọ̀n ní ìyàwó mẹ́ta. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí èmi ni mo kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Mo to orúkọ sí òpó mẹ́ta, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, bí a ṣe ń pín ogún ní ìdí igi. Wọ́n ní kí n fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn.

Òwúsúwusù bo òkè lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sójú fèrèsé, mo ń fa ìlà, mo ń pa á rẹ́, bí ẹni tó ń lálàá. Ìlà àkọ́kọ́ tínrín bí okùn aláǹtakùn.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kẹta, mo rántí ohun tí ọmọ rẹ̀, Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò àti ọbàkan bàbá mi, sọ sí mi lójú gbogbo ilé: "Akadá wa, ṣé kọ̀ǹpútà yìí lo fi ń lé adìyẹ ni?" Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Mo bá fa ìlà kejì kó nípọn, mo kùn ún ní pupa. Ẹ jọ̀ọ́, mo kàn fẹ́ kí ara tù mí díẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ ìrántí, wọ́n gbé e hàn sára ògiri gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí Bọ́sẹ̀ dìde. "Ṣé ulé kan náà kọ́ ni wọ́n bí wa sí? Ta ló mọ odi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rọ ló fà á bẹ́ẹ̀, kò ṣeé yí padà."

"Ẹ̀rọ ò mọ ìyá mi. Bàbá rẹ ló rán ọ."

Ó padà sílé rẹ̀ ní Erìjìyàn. Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè bàbá mi mọ́.

Iṣẹ́ tó rán láàárọ̀ yìí ni pé kí wọ́n yọ orúkọ ìyá òun kúrò níbẹ̀. Bàbá mi kà á, kò jẹun. Ó ń wí pé, "Kí ni mo ṣe fún Bọ́sẹ̀?" Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ padà sí ilé ìdáná.

Bí mo bá pa ìlà náà rẹ́ nísinsìnyí, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún bàbá mi, àbí kí n wọkọ̀ lọ bá Àǹtí Bọ́sẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú?