Ọ̀sẹ̀ Mẹ́wàá Tí N Kò Yọ Kúrò

Èmi Pavlina, akọ̀wé ilé ìwòsàn, ni mo kọ èyí sílẹ̀. Gencho Kolyov, tó ti ń dáná tó ń mú ilé wa gbóná fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Kò mọ̀wé, ó sì ní n kò gbọdọ̀ tún ohunkóhun ṣe.

Alága wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tó ti abúlé wá, ẹ kú ẹsẹ̀. Dókítà Mineva, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ìyá tó gbé ọmọ dání, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ò ní jẹ́ kí oúnjẹ tutù.

Bàbá mi sìn àgùntàn títí ó fi kú. Èmi, igi ni mo ń là, kí yàrá àwọn ọmọ tó tètè dé, tí oṣù wọn kò pé, má baà tutù. Nọ́ọ̀sì Vida á yọjú lójú fèrèsé: "Bàbá Gencho, ẹ fi igi sí i! Ṣé kí àwọn ọmọ yìí wọ kóòtù ni?" Èmi náà á ní, "Wá là á fúnra rẹ, ẹlẹ́nu bí agogo!" Vida, ta ni yóò máa bú mi báyìí?

Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀. Ẹni tó ń dáná fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣé kò yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí wọn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ ni Kalina, ọmọ ọmọ mi, dé. Nígbà tó pé ọdún kan, mo ní ká yí búrẹ́dì ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fún un, èyí tí ọmọ máa ń rìn tẹ̀lé. Zlatina, ìyàwó ọmọ mi, ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì dúró, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ìrìn." Mo ní, "Nílé tiwa, ọdún kan là ń rìn! Ẹ̀yin lẹ gbé e kiri bí ẹyin."

Mo pe gbogbo abúlé. A tẹ́ aṣọ funfun, a yí búrẹ́dì lórí rẹ̀, a gbé àlùmọ́gàjí, gègé àti ìwé sórí àtẹ, kí ọmọ lè rìn lọ mú iṣẹ́ tí yóò ṣe láyé. Mo gbé e kalẹ̀. Ó jókòó gbì, ó bú sẹ́kún. Ojú tì mí, mo wá sọ ohun tí àgbà kì í sọ: "Orí ọmọ yìí ò pé. Ìdílé ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀." Zlatina ká aṣọ funfun náà, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ. Láti oṣù mẹ́ta, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Dókítà Mineva wá bá mi nídìí iná. "Bàbá Gencho, bí àgùntàn bá bímọ ṣáájú ọjọ́, ṣé ẹ máa ń lé ọmọ náà gòkè pẹ̀lú àwọn yòókù?"

"Ṣé mo ya wèrè ni? Mo máa ń fún un ní iye ọjọ́ tó kù fún un."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù fún Kalina. Ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méjì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan là ń kà láti ọjọ́ ìbí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́wàá lẹ gbé lé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo lá a, ó sì bó mi lẹ́nu.

Ọmọ mi wá sọ fún mi pé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Kalina gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin nínú ilé ìdáná wọn. Kò sẹ́ni tó rán an. Ìyàwó mi ti yan búrẹ́dì mìíràn, òun nìyẹn lórí tábìlì. Zlatina, mo rí ọ lẹ́nu ọ̀nà. Orí ọmọ rẹ pé. Tèmi ni kò pé. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ìwọ ni kí o dá ọjọ́ tí a ó yí i. Bí búrẹ́dì yìí bá gbẹ, a ó yan òmíràn.

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ yóò bá ọjọ́ rẹ̀. Iná ilé yín ò ní kú. Vida, wàá rí ẹlòmíràn bú. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tó fara da orí kunkun mi.

Àmì ọwọ́ Gencho Kolyov: X

Ẹlẹ́rìí: Dókítà Mineva.

Ẹlẹ́rìí: Zlatina Kolyova, tó bọ́ síwájú fúnra rẹ̀ láti fọwọ́ sí i, pẹ̀lú aṣọ funfun kan lábẹ́ abíyá.