Ibi Tí Òjò Ti Ń Dáhùn

Odette, má sọ yako fún mi! Ẹni tó ṣòfò là ń sọ yako fún, èmi, wọ́n ní mo jèrè! Láti àárọ̀ ni gbogbo ìjọ ti ń kí mi, "Ìyá Noémie, ẹ kú oríire, Didier ti sọ orin yín di orin violon!" Orin mi dà? Ṣé ohun tó kọ sínú ìwé tó pín fún wa yìí ni wọ́n ń pè ní orin mi?

Ìwọ náà ṣáà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí orin náà wá. Ọdún tí bàbá Noémie dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ni, tí mò ń wọ ọkọ̀ gbaka láti Abobo lọ sí Adjamé lójoojúmọ́, tí mo máa ń wo igbó Banco lójú ọ̀nà, tí mo máa ń sọ pé ta ló ń bomi rin gbogbo igi yìí, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbé korobá débẹ̀? Ó wá di dimanche kan, òjò lu páànù ṣọ́ọ̀ṣì títí pásítọ̀ fi dá ìwàásù dúró. Ni mo bá gbé e lórin, "Ta ní ń bomi rin igbó tí kò ní olóko?" Mo dákẹ́. Gbogbo ìjọ dákẹ́. Òjò nìkan ló ń dá wa lóhùn. Háà, Odette! Bàbá Noémie ò padà dìde, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Láti ìgbà náà, àsìkò òjò nìkan la máa ń kọ ọ́, a ó sì dákẹ́ níbẹ̀ títí n ó fi gbọ́wọ́ sókè.

Kí ni Didier tó ń darí akọrin wa wá ṣe? Ó ní ibẹ̀ ṣófo! Ibi tí Ọlọ́run ti ń sọ̀rọ̀, òun ló ní ó ṣófo! Ó kó violon mẹ́fà síbẹ̀, kí wọ́n máa ṣe bí òjò, tín-tín-tín. Òjò wo ló ń dún tín-tín-tín l'Abobo? Wọ́n sì ti kan plafond bo páànù, ojú fèrèsé nìkan la tún ti ń gbọ́ òjò, ó tún ní kí wọ́n ti fèrèsé náà pa, kí ariwo má bàa ba enregistrement òun jẹ́, orin tó fẹ́ gbà sílẹ̀. Ariwo, àbí o ò gbọ́!

Kí n lọ bá a sọ ọ́? Ẹnu wo? Àna mi ni o! Samedi tó ń bọ̀ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ òun àti Noémie. Nígbà tó fún mi ní ìwé náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó ní, "Maman, kí ni kí n yí padà?" Noémie dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń retí èsì dókítà. Ẹnu mi yìí náà ló ní, "Kò sí, ọmọ mi, ó dára gan-an." Mo tún gbàdúrà lé e lórí! Ó sì kọ orúkọ mi gàdàgbà sókè ìwé náà. Bí mo bá kúrò nínú akọrin, wọ́n á ní mò ń bá ọkọ ọmọ mi jowú. Bí mo bá dúró, èmi náà ni n ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ta violon lé Ọlọ́run lẹ́nu. Ọ̀nà wo ló kù fún mi?

Wò ó, ojú ọ̀run ti ṣú. Ṣé o gbọ́ ọ? Ó ti ń kán. Wọ́n sì ti ń pè wá pé ká tò wọlé.

Odette, ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n to alto sí, ìwọ lo sì kángun sí i. Èmi ò lè fọwọ́ kàn án, ojú Noémie ò ní kúrò lára mi. Àmọ́ ìwọ, o ò ní àna kankan níbẹ̀. Bí a bá ti kọ ìbéèrè inú orin náà tán, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ṣí fèrèsé náà. Ṣí i gbayawu.