Irun Tí Mo Gbìn Sójú Àpá

Ògo ni fún Ẹni tó mọ iye irun orí mi kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á! Ẹ bá mi gbé orúkọ Rẹ̀ ga. Ẹ tún gbé e ga lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí yìí ti pẹ́. Ó yẹ kí n ti jẹ́ ẹ nígbà ìkórè. Ohun tó dá mi dúró ni pé inú ń bí mi, mo sì rò pé ẹni tí inú ń bí kò yẹ ní iwájú pẹpẹ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún pásítọ̀ wa. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì kà á bí mo ṣe kọ ọ́, kí n má fi oyin sí i. Nítorí náà, ẹ ní sùúrù fún mi. Ọpẹ́ ni mo wá dú. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró síwájú Ọlọ́run kí n purọ́ pé inú mi dùn sí gbogbo yín.

Ẹ mọ Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi níbí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, a ń ti ilé ìyá rẹ̀ ní Oǹdó bọ̀ wá sí Ọ̀bà-Ilé tí à ń gbé. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó bàjẹ́ dúró sáàárín ọ̀nà. Kò tan iná. Wọn kò tilẹ̀ já ewé sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀. Awakọ̀ rẹ̀ ti lọ jẹun. Ewé lásán, ẹ̀yin ará! Igbó wà lọ́tùn-ún, igbó wà lósì, kó kàn na ọwọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ tí Bọ́sẹ̀ jókòó sí ló kọlu ọkọ̀ náà. Kò dé ilé ìwòsàn láàyè. Gíláàsì ya orí mi láti iwájú dé àárín. Ìfẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Nǹkan kan kò ṣe é lára. Ó rí gbogbo rẹ̀.

Wọ́n rán orí mi, ó sì jinná. Àpá tó kù gùn tó ìka ọwọ́, ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó ń dán, irun kankan kò sì hù níbẹ̀ mọ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí. Kí ni mo fẹ́ fi irun ṣe? Bí ó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá gbé àpá náà wọ inú sàárè.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú báńdéèjì orí mi, ọmọ mi kò wo ojú mi mọ́. Bí ó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ló ń wò. Bí mo bá wọ pálọ̀, á yí àga rẹ̀ padà, á kẹ̀yìn sí mi, á sì máa jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà nínú ilé ara mi. Kò yí nǹkan kan padà, nítorí ó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Kò sí nǹkan, sà.” Sà! Ọmọ tó máa ń gun ẹ̀yìn mi bí ẹṣin! Ìyá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, òun wà nínú ilé, ó sì dà bí ẹni pé méjèèjì ni mo ti pàdánù.

Ẹ ní kí n máa gbàdúrà. Mo gbà á. Ẹ ní ọmọdé máa ń gbàgbé. Kò gbàgbé.

Olùkọ́ kan ní ilé-ìwé wa ló sọ fún mi nípa dókítà kan ní Èkó tó máa ń yọ irun láti ìpàkọ́, tó sì máa ń gbìn ín sí ibi tó pá. Mo lọ nígbà ìsinmi Àjíǹde. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ó ní ojú àpá kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́ràá, pé kì í ṣe gbogbo èyí tí òun bá gbìn ló máa hù. Ó ní fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kí n máa fi fìlà tó ṣò bò ó bí mo bá jáde. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó jù.

“Ẹ gbọ́, sà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irun tí mo gbìn yìí máa já bọ́. Ẹ má pè mí pẹ̀lú ẹkún. Gbòǹgbò rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Ó máa tó oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kí ẹ tó rí nǹkan, ó sì máa tó ọdún kan kí a tó lè sọ pé ó dára.”

Mo ní mo gbọ́. N kò gbọ́.

Kí n tó lọ, mo ti ṣàlàyé fún pásítọ̀. Ó gbà pé kí n jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, kí n má ṣí fìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọkùnrin ló ń ṣí fìlà níbí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ lọ wàásù ní Ìjàrè, kò sì rántí sọ fún àwọn ọ́ṣà tó ń ṣètò ìjókòó. Ọjọ́ kẹfà tí wọ́n gbin irun náà ni.

Ọ̀gá àwọn ọ́ṣà wa wà níbí lónìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀.

Ó tẹ̀ mí ní èjìká, ó ní, “Bàbá Ìfẹ́, ẹ ṣí fìlà.” Mo rọra sọ fún un pé egbò wà níbẹ̀, pé pásítọ̀ mọ̀ sí i. Ó ní, “Ọlọ́run ló ni ilé yìí, kì í ṣe pásítọ̀.” Ó sì na ọwọ́, ó ṣí i fúnra rẹ̀, bí ẹni ń ṣí ọmọrí ìkòkò. Èépá egbò náà ti lẹ̀ mọ́ inú fìlà. Ó bá a jáde. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wá sí ìpéǹpéjú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí òun ló ń dùn mí jù. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ alàdúrà rí ẹ̀jẹ̀, ó ké “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Kí n tó ṣẹ́jú, ọwọ́ mẹ́rin ti wà lórí mi. Ẹ gbàdúrà. Ẹ tẹ orí náà mọ́lẹ̀. Ẹ mì í. Ẹ fọwọ́ ra á bí ẹni ń ra ọṣẹ mọ́ aṣọ. Ìwòsàn lẹ ń tọrọ fún mi, mo mọ̀. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ ní ẹ̀mí àjèjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ wá tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Ọmọ mi dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wòran. Ó tún rí ẹ̀jẹ̀ ní orí bàbá rẹ̀. Nínú ilé Ọlọ́run.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìròyìn ti gba àdúgbò. Wọ́n ní ìyàwó mi kò tíì pé ọdún kan nílẹ̀, mo ti lọ ṣe orí tuntun nítorí ọmọge kan ní Odà. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Odà ni ìyá àgbàlagbà tí mo ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní eyín.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí, mo rí irun náà lórí ìrọ̀rí. Mo fọwọ́ kan orí, ìyókù tún bá ọwọ́ mi wá. Dókítà ti sọ fún mi, àbí kò sọ? Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni mo rí. Mo wọ bàtà, ó di ìsọ̀ ọ̀gá ọ́ṣà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ kí i. Ìfẹ́olúwa ń gbálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó bi bọ́tìnnì ẹ̀wù mi léèrè pé níbo ni mò ń lọ. Ìtìjú mú mi. Mo padà, mo jókòó, mo ya fọ́tò orí mi, mo fi ránṣẹ́ sí dókítà lórí wáásápù.

Ó pè mí. Ó ní gbòǹgbò díẹ̀ ti tú níbi tí fìlà ti fà á, pé ibẹ̀ lè má hù mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyókù wà ní ààyè wọn. Ó ní kí n dúró.

Dúró! Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú nìyẹn. Dúró de Olúwa, dúró kí ọkàn rẹ fúyẹ́, dúró kí ọmọ náà gbàgbé. Mo sọ fóònù sórí ibùsùn. Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo sọ sí I lọ́jọ́ náà. Kò fi ààrá sán mi. Ìdí ọpẹ́ kan nìyẹn.

Ní oṣù kejì, ìyá Bọ́sẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Oǹdó pé kí n mú ọmọ wá. A dé ibẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, wọn kò ní kí n dìde. Wọn kò gbé omi fún mi. Mo ti mọ̀ pé ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi kò tíì jẹrà tán, ìwọ ti ń gbin irun. Ta lo ń gbìn ín fún?”

Mo ní ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ níwájú ọmọ náà? Ṣé kí n ní nítorí tìrẹ ni, nítorí o kò wò mí mọ́? Inú bí mi. Mo ṣí fìlà mi níwájú wọn. Mo ní, “Ẹ wò ó, Màmá. Irun ọ̀hún dà?”

Wọ́n wò ó dáadáa. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ní, “Ó gbìn ín, kò hù. Ọlọ́run kì í sùn.”

Ìgbà náà ni Ìfẹ́olúwa sọ̀rọ̀ níbi tó jókòó sí lórí ẹní.

“Èmi ni, Ìyá àgbà. Èmi ni Dádì ń gbìn ín fún.” Ó ń wo ilẹ̀. “Bí mo bá ti rí ibẹ̀, igbe Mọ́mì ni mò ń gbọ́.”

Ẹ̀yin ará, n kò sọ fún ọmọ náà rí. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbéra lọ sí Èkó.

Màmá wo ọmọ náà. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé omi jáde fún mi. Wọn kò bẹ̀ mí, n kò sì retí rẹ̀. Wọ́n kàn bi mí léèrè oṣù tí dókítà ní ó máa hù. Mo sọ fún wọn. Wọ́n fi ìka kà á. Wọ́n ní, “Ó dáa. Àwa náà ń retí rẹ̀.”

Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé tí a bá ti fọṣọ tán, ọmọ mi á ní, “Dádì, ẹ jókòó.” Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń yọjú láàárín ìka. Ní ẹ̀kejì, ó fi ọwọ́ kan bojú. Ní ẹ̀kẹta, kò bojú mọ́. Á wò ó tán, á pe ìyá rẹ̀ àgbà lórí fóònù, á ní, “Kò tíì hù o.” Màmá á ní kó wò ó dáadáa. Á tún padà wá wò mí.

Báyìí ni oṣù kẹta kọjá, tí oṣù kẹrin kọjá, tí orí mi ṣì pá. Ẹ gbọ́ mi o. Orí mi ṣì pá, ọmọ mi sì ti ń wò mí.

Ní oṣù karùn-ún, ní Sátidé kan, ó ní, “Dádì, ẹ má mira.” Ó sún mọ́ mi débi pé mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ka méje. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ọmọ ìkókó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò lè kà wọ́n tán mọ́. Ó pe Oǹdó, n kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, nítorí àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì sunkún fún ìyàwó mi bí n kò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀.

Ó ti pé ọdún kan báyìí. Ẹ wò ó, mo ti ṣí fìlà. Ó hù. Ibi kan tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò kò hù, níbi tí fìlà ti fà á. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn tí kò purọ́ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan ní Oǹdó. Ọ̀gá ọ́ṣà, mo ti dárí jì yín ní ìgbà mẹ́ta, ìbínú náà sì tún ń padà wá. Màá tún dárí jì yín lónìí. Ẹ̀yin alàdúrà, bí ẹlẹ́gbò bá ní kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà kò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ kí Ó tó gbọ́.

Ìwọ tí ohun tí o gbìn ti já bọ́ lójú rẹ, tí wọ́n sì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, n kò ní sọ fún ọ pé kí inú má bí ọ. Jẹ́ kó bí ọ. Ṣùgbọ́n má hú u láti fi wò ó bóyá gbòǹgbò wà níbẹ̀. Jókòó tì í. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bá ọ jókòó, sún fún un.

Ìfẹ́olúwa wà ní ìlà kejì. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìwé yìí, kò gbé ojú kúrò lára mi. Ẹ bá mi yin Olúwa.