Irin tí Màámi Ń Daṣọ Bò

Láoyè, bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan lé ọ̀rọ̀ yìí, kí ọ̀nà tí mo ti ń rìn láti ọgbọ̀n ọdún gbé mi mì, kí ọkọ̀ má sì dúró gbé òkú mi! Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ mi ló ṣe pẹ̀lú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Jókòó. Mo ní kó o jókòó! Ṣé àwọn àlejò tó wọ kóòtù àti táì, tí wọ́n jókòó nínú lọ́hùn-ún yẹn lo fẹ́ lọ bá? Wọn á dúró dè ọ́.

Ta ló bẹ̀ ọ́ kó o fi irin àlòkù àti sìmẹ́ńtì ṣe ère ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́wálé tó kú sógun? Ìjọba ni. Ogun parí, wọ́n ní kó o ṣe ère ìrántí àwọn sójà tó kú. O ṣe é. Kò lójú, kò nímú, ọrùn gùn bí òpó iná, ihò gbàgà wà láyà rẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Fìlà rẹ̀ dà? Ìbọn rẹ̀ dà? Sójà wo nìyí? Lo bá gbé e wá síwájú ilé wa l'Ókè-Ogbó, torí kò síbi tí wàá gbé e sí. Àbí mo purọ́?

Màámi! Obìnrin tí wọn ò gbé òkú ọmọ wá bá. Bí wọ́n tilẹ̀ gbé e wá ńkọ́, ṣé ìyá ń wo sàréè ọmọ rẹ̀ ni? Èèwọ̀! Ṣùgbọ́n irin rẹ yẹn, torí pé kò jọ Ọdẹ́wálé, ó ṣeé wò. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi: "Bó bá jọ ọ́ ni, mi ò ní lè jókòó tì í." Ogún ọdún ló fi ń gbé àpótí síbẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí, tó ń ròyìn ọjà fún un. Bí òjò bá ṣú, aṣọ ìró rẹ̀ ni yóò sáré dà bò ó, òun á wá dúró nínú òjò.

Ẹ wá dé lọ́dún tó kọjá. Ìwọ àtàwọn tó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn! Wọ́n ní ìlú òyìnbó kan ń bá wa ṣọ̀rẹ́, ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ lọ, ère yìí sì ni ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹ kọ "Ìṣọ̀kan" sí i lẹ́sẹ̀! Ọdẹ́wálé lorúkọ rẹ̀, Láoyè!

Èmi òmùgọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ Ẹdúnàbọ̀n ni, lo bá pè mí: "Arìnrìnàjò, wá bá wa gbé e. A fẹ́ lọ kùn ún lọ́dà, ọ̀sẹ̀ méjì péré." Èjìká mi yìí ni mo fi gbé e sínú lọ́rì. Mo tún wọlé lọ sọ fún màámi, mo ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Hẹ̀n? O ní olórí ìlú òyìnbó yẹn fọwọ́ kàn án? O ní gíláàsì yí i ká nínú gbọ̀ngàn wọn lókè òkun? Kú iṣẹ́. Ta ló sọ ìyẹn fún obìnrin tó ń gbé àpótí lọ jókòó ti ilẹ̀ òfìfo láràárọ̀?

Lẹ́tà ni mo fẹ́. Ìwọ lo mọ̀wé, ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Kọ ọ́ níṣojú mi, kí wọ́n dá a padà. Ibi tí ère yẹn ti ń dúró gan-an la sin màámi sí, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Bí o ò bá kọ ọ́, ẹnu ọ̀nà rẹ ni mo máa sùn, káwọn àlejò rẹ máa gba orí mi kọjá. Kó o sì fi ohun tí màámi sọ kẹ́yìn sínú rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, má fi gẹ̀ẹ́sì tún un ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ṣé òjò kì í pa á níbi tó wà?"

Ṣé òjò kì í pa á níbi tó wà.